Ìdí tí hydrogen peroxide fi ń hó lójú egbò, àti ohun tó pa á pọ̀ mọ́ káńfọ̀ inú aṣọ ọmọ tuntun

Ó dájú pé ẹ ti rí i rí. Ọmọ ṣubú níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, orúnkún rẹ̀ bó, wọ́n gbé e lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ rẹ òwú sínú oògùn kan tó dà bí omi, ó fi kan ojú egbò, lójú ẹsẹ̀ ni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófó funfun bo gbogbo orúnkún. Ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ ń sọ pé: "Fara balẹ̀, ìdọ̀tí ló ń pa yẹn."

Hydrogen peroxide lorúkọ oògùn yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń mú un hó tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín níbi tí kò ti sí egbò, ẹ ò ní rí irú ìfófó yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló ń bá a jà. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, òṣìṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ catalase. Bó bá ti pàdé hydrogen peroxide, yóò tú u ká sí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ọ́síjìn tó ń sá jáde ni ìfófó tí ẹ ń wò. Ẹyọ catalase kan ṣoṣo lè tú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹyọ hydrogen peroxide ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo ti sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi, mi ò sì ráyè dé ibi tó kan àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó bá ní ọmọ tuntun nílé lè kà á dáadáa.

Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pe irú òṣìṣẹ́ bíi catalase. Purotéènì ni, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, iṣẹ́ kan pàtó ló sì wà fún. Ẹ bu iṣu sísè sẹ́nu, ẹ jẹ ẹ́ pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e mì, ẹ ó rí i pé ó ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ń sọ ọ́ di ṣúgà.

Ẹ lè wá bi mí pé, kí ni ẹ̀jẹ̀ fẹ́ fi òṣìṣẹ́ tó ń ba oògùn kẹ́míìsì jẹ́ ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe hydrogen peroxide lójoojúmọ́, láì ra á lọ́jà. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ni láti gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ọ́síjìn yìí náà ló sì ń jẹ́ kí irin dógùn-ún. Díẹ̀ lára rẹ̀ máa ń yà bàrá lójú ọ̀nà, á di nǹkan líle tó lè ba ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ superoxide dismutase ló máa ń kọ́kọ́ mú un, á sọ ọ́ di hydrogen peroxide, catalase àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá sọ ìyẹn di omi lásán. Láti ọdún 1938 ni wọ́n ti yọ ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, bàbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tó ń ṣe. Ọdún 1969 ni Joe McCord àti Irwin Fridovich, ní Yunifásítì Duke l'Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Nǹkan kan ṣì wà tó yẹ ká mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì pupa. Nǹkan bí ọgọ́fà ọjọ́ (120) ló ń lò láyé. Bó ṣe ń jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun, ó ti pàdánù ibi tí sẹ́ẹ̀lì yòókù máa ń ko àṣẹ iṣẹ́ sí, nítorí náà kò lè ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun mọ́. Ó dà bí ẹni tó di oúnjẹ dání lọ sí ìrìn àjò tí kò sí ọjà kankan lójú ọ̀nà. Ohun tó bá gbé dání láti ilé náà ni yóò jẹ títí dé ibi tó ń lọ.

Tí ẹ bá wọ láàbù àwọn tó ń ṣe ìwádìí, ẹ lè bá ìgò kékeré kan nínú fìríìjì, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé catalase ni, láti inú sẹ́ẹ̀lì pupa ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò fi bẹ́ẹ̀ lọ́jú pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba sùúrù. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i yíyára títí sẹ́ẹ̀lì á fi wálẹ̀ sí ìdí ìgò, wọ́n á da omi orí rẹ̀ nù, wọ́n á fọ sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú omi iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi tí kò ní iyọ̀ sí i, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́, ohun inú wọn á dà jáde. Iṣẹ́ tó kù ni láti ya catalase kúrò lára èròjà pupa tó kún inú ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kí ó tó di ọjà. Catalase tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, inú ẹ̀dọ̀ màlúù ni wọ́n ti ń rí i, owó rẹ̀ ò sì tó ti ènìyàn. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ bá jẹ mọ́ ara ènìyàn gan-an ló máa ń wá ti ènìyàn.

Wọ́n ń lò ó láti mọ̀ bóyá ohun èlò ìdíwọ̀n wọn péye, láti mọ̀ bí oògùn kan tàbí omi ewé kan ṣe ń bá ẹ́ńsáìmù náà ṣe. Wọ́n á tan iná tí ojú ò lè rí sí hydrogen peroxide, wọ́n á máa wò bó ṣe ń dín kù bí catalase ṣe ń tú u ká. Bó bá ṣe yá tó ni agbára ẹ́ńsáìmù náà ṣe pọ̀ tó.

Lára irú ìgò bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ìwádìí nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe oògùn. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń polówó "ẹ́ńsáìmù tó ń fọ ẹ̀jẹ̀" nínú káńsúlù, tí wọ́n ń pè wá pé ká bá wọn gbé e sáfẹ́fẹ́. Purotéènì ni ẹ́ńsáìmù. Ẹni tó bá gbé catalase mì, bí ẹní jẹ ẹran ni. Inú á dà á, á lò ó bí oúnjẹ, kò sì ní dé inú sẹ́ẹ̀lì pupa kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìfófó. Lọ́dún 1946, dókítà etí, imú àti ọ̀fun kan ní Japan, Shigeo Takahara, ń tọ́jú ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá tí ẹnu rẹ̀ ti jẹrà. Ó ṣiṣẹ́ abẹ tán, ó da hydrogen peroxide sójú egbò. Kò hó. Ẹ̀jẹ̀ náà dúdú bí kọfí, ìfófó kankan ò jáde. Ó kọ́kọ́ rò pé ìgò oògùn mìíràn ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́. Ìgbà tó wádìí dé ìdí ló rí i pé ọmọ náà ò ní catalase nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn nínú ìdílé rẹ̀ náà ò sì ní.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni pé yàtọ̀ sí egbò ẹnu tó ń yọ àwọn kan lẹ́nu, àwọn tí kò ní catalase yìí ń gbé ayé wọn láì sí wàhálà púpọ̀. Báwo ló ṣe jẹ́? Ẹgbẹ́ mìíràn ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ yìí ń lo ohun kan tó ń jẹ́ glutathione láti sọ hydrogen peroxide di omi. Ẹ fi glutathione wé fóònù tó ní bátìrì. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú, ó di dandan kí ẹ tún un sáájì kó tó lè ṣiṣẹ́ mìíràn. Iná tí wọ́n fi ń sáájì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní NADPH, jẹnẹrétọ̀ tó sì ń mú iná yìí wá ni ẹ́ńsáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ gùn débi pé àwọn dókítà fúnra wọn kì í pè é tán, G6PD ni wọ́n ń pè é.

Sẹ́ẹ̀lì yòókù nínú ara ní jẹnẹrétọ̀ mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì pupa ò ní ju ẹyọ kan yìí lọ. Catalase gan-an nílò iná náà: lọ́dún 1984, Henry Kirkman àti Gian Franco Gaetani fi hàn pé NADPH máa ń so mọ́ catalase ènìyàn lára, òun ló sì ń dáàbò bò ó kó má baà rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò ní catalase ṣì ní ọ̀nà kejì. Ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, ọ̀nà méjèèjì ló dín fún.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọlé wa.

Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville ní ìpínlẹ̀ Illinois, l'Amẹ́ríkà, wọ́n ń dán oògùn ibà kan tó ń jẹ́ primaquine wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Mi ò mọ irú ìyọ̀ǹda tí ẹni tó wà lẹ́yìn irin lè fún dókítà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú, ìyẹn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá lo oògùn náà fún ọjọ́ díẹ̀, ìtọ̀ wọn á dúdú, ẹ̀jẹ̀ wọn á já wálẹ̀. Ọdún 1956 ni Paul Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdí rẹ̀: G6PD inú sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ni kò tó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i ní ilẹ̀ tí baba ńlá wọn ti kúrò. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni G6PD rẹ̀ kò tó. Káàkiri àgbáyé, àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju 400 mílíọ̀nù lọ. Báwo ni àléébù ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìbàdàn ni wọ́n ti rí ara ìdáhùn náà.

Lucio Luzzatto, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ láti Ítálì, dé sí Ìbàdàn lọ́dún 1964, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ohun tí òun, Usanga àti Reddy ṣe lọ́dún 1969 wù mí gan-an, nítorí pé ó rọrùn láti lóye. Obìnrin kan lè gba G6PD tó dáa lọ́wọ́ òbí kan kí ó gba èyí tí kò lágbára lọ́wọ́ òbí kejì. Nínú ẹ̀jẹ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì ló wà pọ̀: àwọn kan ní G6PD, àwọn kan ò ní tó. Ara kan náà, ẹ̀fọn kan náà, oúnjẹ kan náà. Wọ́n wá wo inú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n, wọ́n ka kòkòrò ibà inú sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjèèjì. Ìlọ́po méjì sí ọgọ́rin (80) ni kòkòrò náà fi pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní G6PD ju èyí tí kò ní tó lọ. Kòkòrò ibà ò rí ilé gbé dáadáa nínú sẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ nípa jẹnotáìpù AS. Ibà ló jẹ́ kí ó ṣẹ́kù láàárín wa láti ìran dé ìran.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó ò ní mọ̀ láyé rẹ̀. Á dàgbà, á ṣiṣẹ́, á bímọ. Àfi tí nǹkan kan bá wọ ara rẹ̀ tó fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bíi kóòkù, àárẹ̀ á mú onítọ̀hún. Àìsàn tó le lè fà á. Oògùn bíi primaquine, dapsone àti nitrofurantoin lè fà á. Oògùn ibà kan tí wọ́n po dapsone mọ́, Lapdap, wà lọ́jà nílẹ̀ Áfíríkà fún ọdún mélòó kan, wọ́n kó o kúrò lọ́dún 2008 nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Artemether-lumefantrine tí wọ́n sábà ń fún wa fún ibà báyìí kò sí lára wọn. Àwọn èèyàn tún máa ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ̀wà léèwọ̀ fún wọn, ẹ̀rù á wá bà wọ́n. Ẹ̀wà fava tí wọ́n ń jẹ ní agbègbè òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹ̀wà olóyin tàbí dúdú tí à ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín.

Ohun tó wà nílé wa ni káńfọ̀. Bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tó ń rùn yẹn, tí à ń kó sínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ òkè àti léèsì. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kò dìgbà tí ọmọ bá gbé e mì. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó, nítorí òórùn yẹn gan-an ni naphthalene tó ti di afẹ́fẹ́, ó ń gba imú wọlé, ó sì ń gba ara ọmọ tuntun tó rọ̀. Bí ó bá dé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, sẹ́ẹ̀lì pupa á máa bẹ́. Èròjà yẹ́lò kan á jáde látinú wọn, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò sì tíì gbó tó láti kó o dànù. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú àti ara ọmọ pọ́n, tí à ń pè ní ibà pọ́njú, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní jọ́ńdíìsì. Bó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ. Ọmọ lè di adití, ó lè má lè jókòó tàbí rìn, ó lè kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi gbé àpótí kan wá láti ilé. Aṣọ tí ọkọ mi wọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni, Màámi ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, pẹ̀lú káńfọ̀. Ẹ wo irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni ìyàwó tó máa sọ pé òun ò fi wọ ọmọ? Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa ní kíláàsì aláboyún, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè la ẹnu. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ọmọ ti ń pọ́n. Àwọn kan ní ká gbé e sí oòrùn àárọ̀, àwọn kan ní ká fún un ní omi glúkóòsì. Ọkọ mi ló ní ká máa lọ sí ọsibítù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé, "Ṣé káńfọ̀ wà nílé?" Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ fi wà lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Orí bá wa ṣe é, kò dé ibi tí wọ́n á ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde pé G6PD rẹ̀ kò tó, inú mi ń bí mi sí Màámi, kí n má purọ́. Dókítà ló wá ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti máa ń gbà á, torí ẹ̀ka ara tó ń gbé e, X, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọkùnrin ti ń rí tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àbúrò mi ọkùnrin tó dágbére fáyé lọ́jọ́ kẹfà tí wọ́n bí i, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Mi ò gbọ́ rí kí wọ́n tó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Káńfọ̀ nìkan kọ́. Lọ́dún 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera, gbé ìwádìí kan jáde nípa ewu ibà pọ́njú fún ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó bí wọ́n bá fi ohun tó ní menthol pa á lára. Àwọn bámù àti páúdà tó ń tutù lára tí à ń fi sí ìdodo àti àyà ọmọ nígbà otútù wà nínú èyí. Kí ẹ tó lò wọ́n fún ọmọ tuntun, ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Bí ara ọmọ yín bá pọ́n láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí ẹ bí i, ọsibítù ni, kì í ṣe òwúrọ̀ ọ̀la. Lẹ́yìn ọjọ́ náà pẹ̀lú, bó bá ń pọ́n lọ sí ikùn àti ẹsẹ̀, tí kò fẹ́ mu ọyàn, tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e lọ. Oòrùn àárọ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ iná yẹn. Ẹ lè fa awọ iwájú orí ọmọ tàbí imú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí ara dúdú máa ń bo ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo funfun ojú náà.

Àyẹ̀wò G6PD wà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà. Àrékérekè kan wà nínú rẹ̀ o: bí wọ́n bá ṣe é nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ tán, ó lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó, tí G6PD rẹ̀ ti tán, ló kọ́kọ́ ń bẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù ṣì ní díẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, dókítà lè ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan láti tún un ṣe. Ẹ padà lọ. Èsì rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ tọ́jú ti jẹnotáìpù sí, kí ẹ sì fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ oògùn fún ọmọ náà, títí tó fi máa dàgbà.

Ní ti aṣọ inú àpótí, Màámi ló pa àṣẹ fúnra wọn. Wọ́n kó káńfọ̀ náà dà sínú ihò ìgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fọ gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sá a sí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ ò lọ tán. Wọ́n wá yọ ẹ̀wù kékeré kan, aláwọ̀ búlúù, wọ́n rọ́ ọ sínú ọ̀rá, wọ́n so ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n ní ìrántí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ ọmọ. Èyí tó kù, wọ́n sun ún.